Ogún Ìṣẹ́jú ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Òwe náà dùn létí ẹni tó jókòó sílé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí kò sí ẹnikẹ́ni tó ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fún ní ogún ìṣẹ́jú péré, báwo ni yóò ṣe fẹ̀sọ̀ mú oríkèé tó ti ń bàjẹ́ bọ̀ láti ogún ọdún? Ìbéèrè yìí ni obìnrin kan ń bi ara rẹ̀ láràárọ̀ nínú yàrá kékeré kan ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, nílùú Ìbàdàn, níbi tó ti ń tọ́jú iṣan, eegun àti oríkèé ara. Físíò ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń pe irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ará àdúgbò kò fi orúkọ da ara wọn láàmú: àwọn kan ń pè é ní Dókítà, àwọn kan ń pè é ní Nọ́ọ̀sì, àwọn ìyá àgbà a sì máa pè é ní Ọmọ mi.

Kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, bẹ́ńṣì gígùn tó wà lọ́dẹ̀dẹ̀ ti máa ń kún. Àwọn kan á wọ ọkọ̀ Micra láti Béèrè, àwọn kan á gun ọ̀kadà láti Bẹyẹrúnkà, àwọn mìíràn á sì fẹsẹ̀ rìn wá láti agbo ilé tó wà nítòsí, ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ á sì dì wọ́n lápá mú. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn àtijọ́ mọ̀ pé ìlú olókè ni. Orí òkè ni gbọ̀ngàn Màpó tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929 wà. Ọjà àti agbo ilé sì tò lọ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Kò sí bí arúgbó ibẹ̀ yóò ṣe lọ sí ọjà, sí mọ́sáláṣí tàbí sí ilé àbúrò rẹ̀ tí kò ní gun òkè tàbí kí ó sọ̀ ọ́. Ẹni tí orúnkún ń dùn níbẹ̀ kò lè fi ìrora náà pamọ́.

Ìṣirò ọjọ́ kan kò le. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ di aago méjì ọ̀sán jẹ́ wákàtí mẹ́fà, èyí tí í ṣe 360 ìṣẹ́jú. Bí ènìyàn 18 bá wà lórí bẹ́ńṣì, ogún ìṣẹ́jú ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nínú ogún yìí, arúgbó lè lo ìṣẹ́jú mẹ́rin láti wọlé, láti bọ́ bàtà, láti tú ìró àti láti gun orí bẹ́ẹ̀dì. Ìṣẹ́jú mẹ́ta á bá kíkọ nǹkan sínú káàdì lọ, ìṣẹ́jú kan á sì bá títún bẹ́ẹ̀dì ṣe fún ẹni tó kàn lọ. Méjìlá ló kù. Nínú méjìlá yìí ni wọ́n ti retí pé kí ó gbọ́ ọ̀rọ̀, kí ó yẹ ara wò, kí ó mọ ohun tó ń ṣe ara, kí ó tọ́jú rẹ̀, kí ó sì kọ́ onítọ̀hún ní ohun tí yóò máa ṣe nílé.

Kì í ṣe Ìbàdàn nìkan ni àkókò ti kúrú báyìí. Ní ọdún 2017, àwọn olùṣèwádìí kó àbọ̀ jọ láti orílẹ̀-èdè 67 nípa bí àkókò tí dókítà ń lò pẹ̀lú aláìsàn kan ní ilé ìtọ́jú àkọ́kọ́ ṣe gùn tó. Ní Sweden, ó lé ní ìṣẹ́jú 22. Ní Bangladesh, kò tó ìṣẹ́jú kan: ìṣẹ́jú àáyá 48 ni. Wọ́n tún rí i pé ní orílẹ̀-èdè 18, tí nǹkan bí ìdajì àwọn ènìyàn ayé ń gbé, ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí kí ó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni dókítà ń lò. Lójú ìṣirò yìí, ẹni tó ní ogún ìṣẹ́jú lè máa dúpẹ́. Àmọ́ iṣẹ́ físíò kì í ṣe oògùn kíkọ. Ara ẹlòmíràn ni yóò mú kí ó ṣiṣẹ́, ara kì í sì í gba àṣẹ bí ilé oògùn ṣe ń gba ìwé.

Iṣẹ́ náà kò sì tíì pẹ́ púpọ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ìgbóbì ní ìlú Èkó ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1945, nígbà tí àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì ń padà sílé tí wọ́n sì nílò ẹni tí yóò kọ́ wọn ní ìrìn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní ọdún 1966, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní ẹ̀kọ́ náà títí dé ìwé ẹ̀rí dìgírì, òun ló sì kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ṣùgbọ́n kí yunifásítì tó dé, ilẹ̀ Yorùbá ti ní àwọn tó ń to eegun, àwọn tó ń fi òróró wọ́ra, àti àwọn ìyá tó ń fi omi gbígbóná na ara ọmọ tuntun. Nítorí náà, ẹni tó bá wá bá físíò ti ní èrò tirẹ̀ lọ́kàn: kí wọ́n wọ́ ọ lára, kí ìrora lọ, kí ó sì máa lọ sílé. Bí wọ́n bá ní kí ó dìde, kí ó jókòó, kí ó tún dìde, á máa wò ó pé iṣẹ́ tí òun sanwó fún ni wọ́n tún gbé lé òun lọ́wọ́.

Ìyá kan wà tí wọ́n ń ta èlùbọ́ ní Ọjà'ba. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, orúnkún ọ̀tún ló sì ń dà wọ́n láàmú. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wá, ènìyàn mẹ́tàdínlógún ló ti wọlé ṣáájú wọn. Bí wọ́n ṣe ń wọlé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

"Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o. Ilé ńkọ́? Ṣé àwọn ọmọ wà dáadáa? Baálé rẹ ńkọ́?"

"A dúpẹ́, Màmá. Ẹ máa gorí bẹ́ẹ̀dì. Ẹsẹ̀ wo ló ń dùn yín?"

Kò gbé ojú sókè nígbà tó ń sọ̀rọ̀. Káàdì ló ń kọ. Ó fọwọ́ kan orúnkún náà, ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó fi aṣọ gbígbóná lé e, ó sì kọ ìdárayá márùn-ún sórí ìwé pélébé kan. Ó ka gbogbo wọn fún Màmá ní ẹ̀ẹ̀kan náà: èyí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárọ̀, èyí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lálẹ́, èyí ní ìdùbúlẹ̀, èyí ní ìjókòó, èyí ní ìdúró. Ó wá bi wọ́n bóyá ó yé wọn. Màmá ní ó yé àwọn. Lẹ́nu ọmọ Yorùbá, "ó yé mi" lè jẹ́ òye, ó lè jẹ́ ìtìjú, ó sì lè jẹ́ ọ̀nà tí àgbà ń gbà dá ẹni tó ń kánjú sílẹ̀ kí ó lè máa bá ìkánjú rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Màmá padà wá. Wọ́n tú etí aṣọ, wọ́n sì mú ìwé pélébé náà jáde. Wọ́n ti tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tọ́jú owó, kò ya, kò rin omi. Ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀wé kà, ọmọ-ọmọ tó ń bá wọn gbé kò sì mọ ohun tí àwòrán inú rẹ̀ ń wí. Wọn kò ṣe ẹyọ kan nínú ìdárayá náà. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì sì ń gbọ́, nígbà tí físíò ní, "Háà, Màmá, ẹ kò ṣe é! Báwo lẹ ṣe fẹ́ kó san?" Màmá rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n sì ní kí ó má bínú. Ọmọ tó kéré sí àbíkẹ́yìn wọn ni wọ́n ń bẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ kẹta pé, káàdì wọn wà lórí tábìlì láti àárọ̀ títí aago méjì fi lù. Màmá kò wá.

Ẹni tí kò wá kì í pariwo. Ẹni tó wá tí ara rẹ̀ kò yá a máa kérora. Ẹni tí kò wá mọ́ kàn máa ń dín èrò orí bẹ́ńṣì kù ni, a sì lè ṣèṣì pe ìyẹn ní ìrọ̀rùn. Físíò náà mọ̀ pé bí ó bá ti kà á sí ìrọ̀rùn, iṣẹ́ òun ti bàjẹ́ nìyẹn. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó mú káàdì àwọn tí kò padà wá jáde, ó sì ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ohun tí káàdì lè sọ fún un nípa ìdí tí wọn kò fi wá, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò kọ ohunkóhun sínú wọn ju orúnkún, ẹ̀yìn àti èjìká lọ. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó kọ ohun tí onítọ̀hún fẹ́ sí.

Àwọn ìwé ìwádìí tó kà nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ lọ́tun. Ní ọdún 1984, Howard Beckman àti Richard Frankel ní Amẹ́ríkà gbọ́ ohùn ìpàdé 74 láàrin dókítà àti aláìsàn. Ní ìpíndọ́gba, ìṣẹ́jú àáyá 18 ni dókítà fi ń dá ọ̀rọ̀ mọ́ aláìsàn lẹ́nu. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni pé bí àwọn bá jẹ́ kí ènìyàn sọ̀rọ̀, kò ní dákẹ́ mọ́. Ní ọdún 2002, àwọn mìíràn ní Basel, ní Switzerland, dán ìbẹ̀rù yìí wò. Wọ́n ní kí àwọn dókítà dákẹ́ títí aláìsàn yóò fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nínú ènìyàn 335, ìṣẹ́jú àáyá 92 ni ìpíndọ́gba. Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, ó kù díẹ̀, ti parí kí ìṣẹ́jú méjì tó pé. Ènìyàn méje péré ló kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìṣẹ́jú méjì nínú ogún! Ohun tí ó fi ìkánjú rẹ̀ pa mọ́ kò ju ìyẹn lọ, ohun tí ó sì pàdánù nítorí rẹ̀ ni Màmá.

Ìwádìí kejì tó dùn ún jù ni ti ìgbàgbé. Roy Kessels, onímọ̀ ará Netherlands, kọ ọ́ ní ọdún 2003 pé láti ìdá 40 sí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí òṣìṣẹ́ ìlera bá sọ ni aláìsàn ń gbàgbé lójú ẹsẹ̀, àti pé nǹkan bí ìdajì ohun tí ó bá rántí ni kò rántí bó ṣe yẹ. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni ìgbàgbé ń pọ̀ tó. Ìdárayá márùn-ún tí ó kà fún Màmá ní ẹ̀mí kan kì í ṣe ọ̀làwọ́. Ńṣe ló dà bí ẹni da omi sínú ìgò láìlo àrọ.

Láti ìgbà náà ni ó ti yí ọwọ́ padà. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó dá ìkíni padà sí ipò rẹ̀. Ó ti ń rò tẹ́lẹ̀ pé ìkíni ń jẹ àkókò ìyẹ̀wò. Ó wá rí i pé ìkíni gan-an ni ìyẹ̀wò. Ó kúrò nídìí tábìlì, ó lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó sì ń pe aláìsàn láti ibẹ̀. Bí Bàbá bá ń dìde lórí bẹ́ńṣì, ó ń wo ọwọ́ tó fi ti ara rẹ̀ sókè. Bí Ìyá bá ń bọ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ tó ń sáré sọ̀ kalẹ̀ nítorí pé kò fẹ́ gba ìwúwo ara. Bí ọ̀dọ́bìnrin bá fẹ́ kúnlẹ̀ kí i, ó ń wo ibi tí orúnkún náà ti kọ̀. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá fi parí "Ẹ káàárọ̀, ṣé ara le, ilé ńkọ́," ó ti mọ ìdajì ohun tí ìbá ní kí onítọ̀hún gun orí bẹ́ẹ̀dì fún. Èdè Yorùbá ti ṣe iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún un láti ọjọ́ pípẹ́: ara ni ọmọ Yorùbá ń béèrè lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ mìíràn tó dé.

Ohun kejì ni ìbéèrè kan ṣoṣo tí ó fi rọ́pò ọ̀pọ̀. Kò bèèrè ibi tó ń dunni mọ́ ní àkọ́kọ́, nítorí ìyẹn á jáde fúnra rẹ̀. Ohun tó ń béèrè ni, "Kí ni ẹ kò lè ṣe mọ́ tó ká yín lára jù?" Lẹ́yìn náà, ó ń dákẹ́. Àwọn ìdáhùn tí ó ń rí kò sí nínú ìwé kankan tí wọ́n fi kọ́ ọ. Bàbá kan ní òun kò lè lóṣòó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́, ọmọ òun ló ń di òun mú, ojú sì ń ti òun. Ìyàwó ilé kan ní òun kò lè pọn ọmọ. Télọ̀ kan ní èjìká kò jẹ́ kí òun na ọwọ́ sí aṣọ tó wà lókè. Ohun tí ènìyàn bá dáhùn ni físíò ń kọ sí orí káàdì, ní èdè tí onítọ̀hún fi sọ ọ́, òun náà sì ni àfojúsùn ìtọ́jú. Ẹni tó bá mọ ibi tó ń lọ kì í sọ àkókò nù ní oríta.

Ohun kẹta ni pé ó dín ìdárayá kù. Márùn-ún di ẹyọ kan, tàbí méjì bí ó bá pọ̀ jù. Ó sì ń so ẹyọ kan náà mọ́ ohun tí ènìyàn ti ń ṣe lójoojúmọ́, kí ó má baà nílò ìrántí. Ẹni tí orúnkún ń dùn nílò kí iṣan itan rẹ̀ lágbára, nítorí iṣan náà ló ń gba ìwúwo lórí oríkèé. Dídìde lórí àga àti jíjókòó padà láìfọwọ́ti nǹkan ń fún iṣan yìí lókun. Fún mùsùlùmí, físíò á ní kí ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí ó tó ṣe àlùwàlá. Ìrun márùn-ún lóòjọ́ ti di aago márùn-ún. Fún ẹni tó ń tajà, á ní kí ó dìde dáadáa fún oníbàárà mẹ́wàá àkọ́kọ́. Kì í sí ìwé pélébé mọ́. Bí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ bá tẹ̀ lé àgbà wá, físíò á ní kí ó gbé fóònù rẹ̀ jáde kí ó ya fídíò bí àgbà náà ti ń ṣe é, kí wọ́n lè máa wò ó nílé.

Kò béèrè bóyá ó yé wọn mọ́. Ó ń sọ pé, "Bí ẹ bá délé, tí wọ́n bi yín pé kí ni físíò ní kí ẹ máa ṣe, kí lẹ ó sọ? Ẹ ṣe é kí n wò." Bí onítọ̀hún bá ṣe é dáadáa, ìpàdé ti parí. Bí kò bá ṣe é dáadáa, olùkọ́ ni kò kọ́ ọ dáadáa, wọ́n á sì tún un ṣe. Láti mọ̀ bóyá ara ń yá, ó ń lo ìdánwò kan tí àwọn onímọ̀ ti ń lò láti ọdún 1999: iye ìgbà tí ènìyàn lè dìde kí ó sì jókòó láàrin ìṣẹ́jú àáyá 30. Ààbọ̀ ìṣẹ́jú ni, kò gba ju àga kan àti aago kan lọ. Nígbà tí Ìyá kan bá gbọ́ pé mẹ́fà ni òun ṣe lóṣù tó kọjá, àti pé mẹ́sàn-án ni òun ṣe lónìí, kò sí ọ̀rọ̀ ìyànjú tó ju ìyẹn lọ.

Ọ̀rọ̀ ìṣirò kan wà tí ó máa ń sọ fún àwọn ẹbí tó bá gbé aláìsàn wá. Ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ wákàtí 168, èyí tí í ṣe 10,080 ìṣẹ́jú. Bí ènìyàn bá wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ogún ìṣẹ́jú ni ó lò lọ́dọ̀ físíò, 10,060 tó kù wà lọ́wọ́ ilé. Ó sọ ọ́ fún àwọn ọmọ bàbá kan tí rọpárọsẹ̀ mú ní apá ọ̀tún. Àwọn ọmọ náà fẹ́ràn baba wọn dé góńgó. Wọ́n ń fún un lóúnjẹ lẹ́nu, wọ́n ń wẹ̀ fún un, wọ́n ń gbé e láti orí bẹ́ẹ̀dì sí orí àga, kò sì sí ohun tí ọwọ́ ọ̀tún náà ń ṣe láti àárọ̀ di alẹ́. Físíò kò bá wọn wí. Ó gbé ife kan lé ọwọ́ Bàbá, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ tì í nísàlẹ̀, ó sì dúró. Ife náà gbọ̀n, omi dà sí aṣọ. Ọmọbìnrin àgbà fẹ́ sáré gbà á. Físíò ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó dà." Gbogbo ohun tó kọ́ wọn lọ́jọ́ náà kò ju ìyẹn lọ: ẹ jẹ́ kí omi dà. Ó gba ju ogún ìṣẹ́jú lọ kí ọmọbìnrin náà tó lè gbà, nítorí pé ní agbo ilé, ọmọ tó bá jókòó tí baba rẹ̀ ń tiraka, àwọn ará ilé á máa wò ó bí aláìmoore.

Nítorí náà, kò sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé àkókò kúkúrú ní ààlà. Àwọn kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ kánjú lé lórí. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn tí kò sì lè kó ìtọ̀ ró mọ́, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣàdédé ń kú, ẹni tí ìrora kò jẹ́ kó sùn lóru tó sì ń rù, ìdárayá kọ́ ni ti irú wọn: dókítà ni wọ́n gbọ́dọ̀ tètè rí, kódà bí wọn yóò bá fi gbogbo ogún ìṣẹ́jú náà kọ ìwé kí wọ́n sì wá ọkọ̀. Ìyá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ọmọ rẹ̀ kò ní tètè rìn nílò ẹni tí yóò jókòó tì í. Nítorí irú wọn, físíò ń fi àyè kan sílẹ̀ lójoojúmọ́ tí kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí. Kò sí ọjọ́ tí àyè náà ṣófo. Nítorí rẹ̀, ẹni 17 ló ń rí lójúmọ́ dípò 18, ẹni kejìdínlógún a sì máa padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Kò tíì mọ bí yóò ṣe sọ fún ẹni náà kí ó má dun ún.

Fóònù gbé díẹ̀ nínú ẹrù náà. Ní ọdún 2013, Adesola Odole àti Oluwatobi Ojo tẹ ìwádìí kan jáde láti Ìbàdàn níbí, lórí àwọn tí orúnkún wọn ti jẹ. Wọ́n ń fi tẹlifóònù darí ìdárayá àwọn kan láti ilé wọn, àwọn yòókù sì ń wá sí ilé ìwòsàn. Ara àwọn méjèèjì yá, kò sì sí ìyàtọ̀ gidi láàrin wọn. Fún ẹni tó ń ronú owó ọkọ̀ kí ó tó ronú ìrora, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Físíò náà wá ń pe àwọn tí kò wá. Ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta ni, lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán.

Màmá oní-èlùbọ́ kò ní fóònù. Nítorí náà, ní ọjọ́ Sátidé kan, físíò fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ọjà'ba. Ó bá Màmá lórí àpótí kan tó kéré débi pé orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń dìde tí wọ́n sì ń jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, fún gbogbo oníbàárà tó bá ra kóńgò kan. Ó kúnlẹ̀, ó kí wọn, ó sì tọrọ àforíjì. Màmá ní kí ó dìde, kò sí ohun tó ṣe. Ó wá bi wọ́n ní ìbéèrè tí kò bi wọ́n ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Màmá kò dáhùn kíákíá. Wọ́n wọn èlùbọ́ fún ẹnì kan, wọ́n gba owó, wọ́n ka ṣéńjì. Wọ́n wá sọ pé láti ọdún méjì ni àwọn ti ń jókòó kírun. Wọ́n mọ̀ pé Ọlọ́run gbà á. Àlùfáà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ó wu àwọn kí iwájú orí àwọn tún kan ilẹ̀ kí àwọn tó kú.

Físíò wá búlọ́ọ̀kù méjì, ó sì fi wọ́n gbé àpótí náà ga. Ìtọ́jú ọjọ́ náà nìyẹn, kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ní kí Màmá máa dìde lórí rẹ̀ láìfọwọ́ti itan, bẹ̀rẹ̀ láti orí oníbàárà mẹ́wàá àkọ́kọ́. Màmá ṣe é kí ó wò. Àwọn tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn rẹ́rìn-ín, ọ̀kan nínú wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún wọn.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó yọ búlọ́ọ̀kù kan kúrò. Màmá ti padà sí orí bẹ́ńṣì ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Iwájú orí wọn kò tíì kan ilẹ̀ tán. Wọ́n ń lọ dé ìdajì ọ̀nà, ọwọ́ kan ṣì wà lórí àpótí, wọ́n á sì dúró níbẹ̀. Bí wọ́n bá pe orúkọ wọn, wọ́n á dìde láìdi ògiri mú, físíò á sì dúró lẹ́nu ọ̀nà tí yóò máa wo ẹsẹ̀ ọ̀tún. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀: "Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Baálé rẹ ńkọ́?" Físíò á dáhùn gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì béèrè ilé tiwọn náà. Ìṣẹ́jú méjì ni, kò sì kà á sí èyí tó sọnù.